Wọ́n Ní Olùrànlọ́wọ́ Ni Wá

Kí á má parọ́, ìwà ọmọlúàbí ló kó bá wọn. Ká ní aláfojúdi ni wọ́n ni, bóyá ọ̀rọ̀ náà ìbá má dà báyìí. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ aláṣọ lílọ̀ yẹn wọ ọ́fíìsì wá, tí wọ́n ń lọ láti tábìlì dé tábìlì pẹ̀lú kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ lọ́wọ́, tí wọ́n ń bi oníkálukú pé, "Kí ni iṣẹ́ yín gan-an?", gbogbo òṣìṣẹ́ ilé náà ló rẹ́rìn-ín músẹ́, tí wọ́n sì dáhùn bí ẹni tí wọ́n kọ́ nílé: "Kò tó nǹkan. A kàn ń ran àwọn ọ̀gá lọ́wọ́ ni."

Akọ̀wé wí bẹ́ẹ̀. Atẹ̀wé wí bẹ́ẹ̀. Bàbá Onífáìlì, tó jẹ́ pé lọ́jọ́ tí ara rẹ̀ ò bá yá, kò sẹ́ni tó ń rí ìwé kankan yọ nínú yàrá ìsàlẹ̀ yẹn, tiẹ̀ tún mi orí tìtìjú-tìtìjú pé, "Ṣé èyí náà la ó máa pè níṣẹ́?" Àwọn ọ̀dọ́ náà ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ohun tí wọ́n gbọ́ ni wọ́n kọ.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn, àṣẹ dé láti òkè. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi mímu. Láti ìsinsìnyí lọ, kò sí akọ̀wé mọ́, kò sí atẹ̀wé, kò sí ẹni tó ń tọ́jú fáìlì, kò sí awakọ̀, kò sí ìránṣẹ́. Gbogbo wọn ti di Olùrànlọ́wọ́ Ọ́fíìsì, ìpele kan ṣoṣo, tí kò lókè tí kò nísàlẹ̀. Àti pé, níwọ̀n bó ti jẹ́ pé ìrànlọ́wọ́ ni iṣẹ́ wọn, tí kò sì síbi tí wọn kì í ti í wá ìrànlọ́wọ́, ìjọba lè gbé ẹnikẹ́ni nínú wọn lọ sí ọ́fíìsì èyíkéyìí, níbikíbi, nígbàkúùgbà.

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ni Kíákíá, obìnrin kan lára àwọn akọ̀wé, kà lákàtúnkà. Àwọn tó kù ń pariwo lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń ṣépè, wọ́n ń béèrè pé ta ni baba ẹni tó kọ irú èyí.

Kíákíá kì í ṣe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Ọ̀gá tó kọ́kọ́ bá ṣiṣẹ́ ló fún un, nítorí pé èsì kan ṣoṣo tó máa ń fọ̀ tí wọ́n bá rán an níṣẹ́ ni "Kíákíá, sà." Ọ̀gá yẹn ti fẹ̀yìn tì tipẹ́, ṣùgbọ́n orúkọ náà ò bá a lọ. Obìnrin náà ti di akọ̀wé àgbà ní ẹ̀ka tó ń fún àwọn èèyàn láṣẹ láti kọ́lé, irun ti ń funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀, síbẹ̀ Kíákíá náà ni, àfi àwọn ọmọdé ọ́fíìsì tó máa ń fi Àǹtí ṣáájú rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe gba ìpele lọ́wọ́ rẹ̀ dùn ún, kò sí àní-àní. Ọdún tó fi gùn ún kò kéré. Ṣùgbọ́n ohun tó já ọkàn rẹ̀ wà nílé. Ilé rẹ̀ ò jìnnà sí ọ́fíìsì, èèyàn á kàn gba òpópónà títí dé ibi tí wọ́n ti ń tún táyà ṣe, á sì yà sápá ọ̀tún. Inú ilé yẹn ni ìyá rẹ̀ wà. Màmá ti gbàgbé ohun púpọ̀. Ó ti gbàgbé pé ọkọ òun ti kú, ó ti gbàgbé ṣọ́ọ̀bù tó fi tọ́ àwọn ọmọ dàgbà, orúkọ àwọn ọmọ náà sì ti dàrú mọ́ ọn lẹ́nu. Kì í gba oúnjẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni àfi Kíákíá. Aládùúgbò ti gbìyànjú, kò rí i ṣe. Ìyàwó àbúrò rẹ̀ ti gbìyànjú. Nọ́ọ̀sì tí wọ́n gbà gbìyànjú títí tó fi fìbínú kó ẹrù rẹ̀. Màmá á kàn pa ẹnu dé, á kọjú sí ògiri, ó parí.

Nítorí náà, lọ́sàn-án gbogbo ọjọ́ iṣẹ́, Kíákíá á sáré délé. Á kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé, torí pé tí ẹnikẹ́ni bá wọlé láì kan ilẹ̀kùn, Màmá á figbe ta pé olè dé.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Màmá."

"Ó dáa. Wọlé, ilẹ̀kùn ò tì."

Á fún un lóúnjẹ rírọ̀ ní ṣíbí-ṣíbí, á nù ún lẹ́nu, á yí i sí ẹ̀gbẹ́ kejì kí ara má bàa bó o, á sì sáré pa dà sẹ́nu iṣẹ́. Màmá ò mọ orúkọ rẹ̀ mọ́. Ohùn tó ń wí pé èmi ni yẹn ló mọ̀.

Ọ̀gá ẹ̀ka wọn ló yọ̀ǹda ìyẹn fún un. Òfin ọ́fíìsì ò fàyè gbà á. Lọ́jọ́ kan tí ọkùnrin náà bá a tó jókòó sórí àtẹ̀gùn tó ń sunkún, ó bi í léèrè títí ó fi sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó sì ní, "Ọmọ mi, máa lọ fún ìyá ẹ lóúnjẹ. Tí ẹnikẹ́ni bá ń wá ẹ, màá ní èmi ni mo rán ẹ níṣẹ́." Ó mú ọ̀rọ̀ náà ṣẹ. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́, kò sì rán an létí rí pé òun ló ṣe é lóore. Èèyàn dáadáa ni, ẹ jẹ́ ká fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀, torí pé ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ, inú á bí wa sí i.

Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ pèpàdé sínú gáréèjì tí wọ́n ń kó àwọn ọkọ̀ ìjọba tó ti dẹnu kọlẹ̀ sí. Awakọ̀ ni alága ẹgbẹ́, Gbohùngbohùn ni wọ́n ń pè é, torí pé tó bá ń sọ̀rọ̀ kò nílò ẹ̀rọ kankan. Ó gun orí táyà ńlá kan tí wọ́n fi lélẹ̀.

"Ẹ ti rí nǹkan tí wọ́n pè wá?" ó ké. "Olùrànlọ́wọ́! Èmi tí mo ti gbé mínísítà lóríṣiríṣi! Ta ni mò ń ràn lọ́wọ́? Ṣé mínísítà ń bá mi di sítíárìn mú ni?"

Ẹ̀rín bú sáàárín ibi tí inú ti ń bí wọn. Ó jẹ́ kí ẹ̀rín náà rọlẹ̀.

"Ta ló wá sọ fún wọn pé ìrànlọ́wọ́ la ń ṣe?"

Bàbá Onífáìlì ń wo bàtà ara rẹ̀.

"Ẹ̀yin ni! Ẹnu ara yín lẹ fi sọ ọ́!"

"Ẹ̀yin ńkọ́, Alága?" atẹ̀wé kan béèrè láti ẹ̀yìn. "Kí lẹ̀yin sọ fún wọn?"

Gbohùngbohùn wúkọ́. "Èmi... mo ní mo kàn ń bá wọn wakọ̀ náà ni." Wọ́n tún bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ dákẹ́! Kí lẹ fẹ́ kí n wí? Ọmọ yẹn pè mí ní Dádì! Ẹnì kan á pe èèyàn ní Dádì, èèyàn á wá bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́nnu fún un?"

Ibi tí gbogbo rẹ̀ ti wọ́ wá gan-an nìyẹn, gbogbo wọn sì mọ̀ ọ́n. Inú bí wọn sí òkè, inú tún bí wọn sí ara wọn. Wọ́n pinnu pé láti ọ̀la lọ, olùrànlọ́wọ́ làwọn máa jẹ́ lóòótọ́: ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ohun tí wọn ò bá bẹ̀ ẹ́ sí. Kò pẹ́ tí ìwé fi bẹ̀rẹ̀ sí í ga lórí tábìlì. Fóònù ń dún, kò sẹ́ni tó ń gbé e. Ó nira fún Kíákíá ju ẹnikẹ́ni lọ. Ọwọ́ rẹ̀ á ti dé orí fóònù kó tó rántí, á sì fi ọwọ́ náà sábẹ́ itan bí ọmọ tí olùkọ́ ká mọ́.

Nígbà tó yá, òkè gbà láti tún ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Wọ́n ní kí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan yan ẹnì kan tó máa wá síwájú ìgbìmọ̀ wá sọ ohun tó ń ṣe, kí ọ̀gá ẹ̀ka rẹ̀ sì jókòó tì í. Tí ìgbìmọ̀ bá rí i pé iṣẹ́ gidi ni ẹnì kan ń ṣe, wọ́n á yọ àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn kúrò lára olùrànlọ́wọ́, kò sì sẹ́ni tó máa lè ṣí wọn nídìí mọ́. Àwọn akọ̀wé yan Kíákíá. Àwọn tó ń tọ́jú fáìlì yan Bàbá Onífáìlì, torí pé òun nìkan ló ń tọ́jú fáìlì.

Gbohùngbohùn kó wọn sínú gáréèjì lẹ́yìn iṣẹ́ láti kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa dáhùn.

"Ẹ̀yin ẹ gbọ́. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu yín. Èmi ni. Bàbá, ta ló ń tọ́jú fáìlì ilé yìí?"

"Àwa náà ni, Alága, pẹ̀lú àṣẹ àwọn ọ̀gá wa."

"Ẹ yọ ọ̀gá kúrò ńbẹ̀!"

"Kí n yọ ọ̀gá kúrò? Wọ́n á ní mo ti ń gbéra ga."

"Kí wọ́n wí bẹ́ẹ̀! Ohun tí a ń wá nìyẹn! Ta ló ń tọ́jú fáìlì?"

Bàbá Onífáìlì gbé e mì, ó gbìyànjú, ó tún gbé e mì. Lẹ́yìn tí wọ́n ti pààrà rẹ̀ títí tó sì ti sú gbogbo wọn, ó ṣàdédé di ọwọ́ méjèèjì, ó sì bú jáde pé, "ÈMI NI!" Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, wọ́n gbé omi fún un mu.

"Ó kàn yín, Kíákíá. Ta ló ń yẹ ìwé àwọn tó fẹ́ kọ́lé wò?"

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ sọ bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ. Tí èèyàn bá kó ìwé rẹ̀ wá, ọ̀dọ̀ Kíákíá ló máa dé. Á wo àwòrán ilé náà, á wo ìwé ilẹ̀, á wo bóyá ògiri ò ní wọ ilẹ̀ ẹlòmíì, bóyá omi òjò máa rọ́nà gbà. Tí gbogbo rẹ̀ bá pé, á fi pẹ́ńsù sàmì tíntín sí igun ìsàlẹ̀. Ìwé tí Ọ̀gá bá ti rí àmì náà lára rẹ̀, á fọwọ́ sí i. Èyí tí kò bá ní àmì, á dá a pa dà. Báyìí ni wọ́n ṣe ń bá a bọ̀, wọn ò jọ sọ ọ́ rí, ó kàn di àṣà àárín wọn. Tí ìwé náà bá ti pa dà sọ́wọ́ Kíákíá, ohun tó kù tó máa ṣe ni pé á mú rọ́bà, á pa àmì pẹ́ńsù náà rẹ́, á sì fẹ́ ìdọ̀tí rẹ̀ dànù. Kò sẹ́ni tó ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kàn rò ó pé kò dáa kí àlejò ṣí ìwé kó wá rí i pé ọwọ́ akọ̀wé ti ṣáájú ọwọ́ Ọ̀gá débẹ̀.

"Ọ̀gá ni wọ́n máa ń..." ó bẹ̀rẹ̀.

"Kíákíá!" Gbohùngbohùn di orí mú. "Tí ẹ bá délé tí wọ́n ní ta nìyẹn, kí lẹ máa ń wí? Ṣé 'Ọ̀gá ni' lẹ máa ń wí?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Kíákíá náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n omi ló lé sí i lójú.

"Èmi ni," ó wí, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ.

Yàrá ìpàdé tó wà lókè pátápátá ni ìgbìmọ̀ jókòó sí. Wọ́n tan ẹ̀rọ tó ń mú yàrá tutù débi pé apá èèyàn ń ta sáísáí. Obìnrin kan tó so gíláàsì ojú mọ́ ọrùn ni alága wọn, ọkùnrin méjì wà lọ́tùn-ún àti lósì rẹ̀. Gbohùngbohùn jókòó sẹ́yìn ní orúkọ ẹgbẹ́. Lẹ́bàá fèrèsé, Ọ̀gá wà ńbẹ̀ nínú aṣọ rẹ̀ tó dáa jù. Bí ojú òun àti Kíákíá ṣe ṣe mẹ́rin, ó mi orí sí i pé má fòyà, mo wà lẹ́yìn ẹ.

Bàbá Onífáìlì ló kọ́kọ́ lọ.

"Ẹ káàsán o, Bàbá," obìnrin náà wí. Ó dìde díẹ̀ lórí àga rẹ̀ láti fi kí i. "Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń tọ́jú àwọn fáìlì ilé yìí?"

Ibi tó ti bà jẹ́ nìyẹn. Ká ní ó jágbe mọ́ ọn ni, bóyá bàbá náà ìbá rí ìbínú lò. Ó wo obìnrin náà, ó wo Ọ̀gá lẹ́bàá fèrèsé.

"Àwọn ọ̀gá wa ni, mà. Èmi kàn ń bá wọn gbé e sókè, gbé e sọ̀kalẹ̀ ni."

Láti ẹ̀yìn yàrá, Gbohùngbohùn mí jáde bí táyà tó ń jò.

Ó kan Kíákíá. Wọ́n bi í pé kí ni iṣẹ́ rẹ̀. "A kàn ń..." ni ẹnu rẹ̀ wí, láìdúró dè é. Ó pa ẹnu náà dé. Aago ògiri wà lókè orí obìnrin náà, ọ̀sán ti ń pọ́n. Lójú ara rẹ̀ ó rí Màmá tó kọjú sí ògiri, tí oúnjẹ ń tutù lẹ́yìn rẹ̀, lọ́jọ́ kan, lọ́jọ́ kejì, lọ́jọ́ gbogbo.

"Èmi ni mò ń yẹ ìwé wò, mà," ó wí. "Èmi ni mo máa ń sọ èyí tó dáa àti èyí tí kò dáa. Tí mo bá ti fi pẹ́ńsù sàmì sí i, ni Ọ̀gá máa ń fọwọ́ sí i."

Ọ̀gá yíjú sí fèrèsé. Kíákíá ò wò ó, ṣùgbọ́n ó rí i. Ó ṣe é bíi pé òun bọ́ aṣọ lára àgbàlagbà ní gbangba.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," obìnrin náà wí, ó gbé gíláàsì rẹ̀ wọ̀. "Ẹ fi àmì náà hàn wá."

Wọ́n ní kí Bàbá Onífáìlì lọ kó fáìlì wá. Inú rẹ̀ dùn pé wọ́n rán òun ní iṣẹ́ tí òun mọ̀. Kò pẹ́ rárá tó fi dé pẹ̀lú fáìlì tó ga dé àgbọ̀n rẹ̀. Wọ́n ṣí ti òkè. Igun ìsàlẹ̀ mọ́ tónítóní. Wọ́n ṣí èyí tó tẹ̀ lé e. Wọ́n gbé e sókè síbi iná. Wọ́n ṣí òmíràn, òmíràn. Ìbuwọ́lù Ọ̀gá wà níbi gbogbo, ó tóbi, ó dúdú, ó rẹwà.

"Mo máa ń pa á rẹ́, mà," Kíákíá wí.

"Ẹ máa ń pa á rẹ́? Kí ló dé?"

"Nítorí... nítorí Ọ̀gá."

"Ṣé àwọn ni wọ́n ní kí ẹ máa pa á rẹ́?"

"Rárá o, mà! Èmi fúnra mi ni."

Ọkùnrin tó wà lósì fi ọwọ́ bo ẹnu, ó díbọ́n pé ikọ́ ni. Obìnrin náà ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ó yíjú sí fèrèsé.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé bó ṣe rí nìyẹn?"

Ọ̀gá nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú áńkáṣífì, ó ká a dáadáa kó tó dá a pa dà sápò. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kún fún ìfẹ́, kò sì ṣe é ṣe kí ẹnikẹ́ni pè é nírọ́.

"Òṣìṣẹ́ dáadáa ni. Mi ò rí irú ẹ̀ rí. Ó ń ràn mí lọ́wọ́ gan-an ni."

Obìnrin náà kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọ̀gá bá a lórí àtẹ̀gùn ọjọ́sí. Lọ́tẹ̀ yìí Kíákíá kò sunkún. Ó dúró, ó di irin àtẹ̀gùn mú.

"Ọmọ mi, o ò jẹ́ kí n mọ̀ pé ohun tí o fẹ́ sọ nìyẹn."

"Ẹ mọ̀ pé òótọ́ ni, sà."

"Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí n wá sọ lójú àlejò pé mi kì í ka ohun tí mò ń fọwọ́ sí? Ìfẹ̀yìntì mi ti dé tán. Wọ́n á lé mi bí ẹni tó jalè."

"Ìyá mi ńkọ́, sà?"

Ọkùnrin náà wo ilẹ̀, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. "Máa lọ fún wọn lóúnjẹ," ó wí nígbẹ̀yìn. "Ọ̀sán ti lọ."

Ó lọ. Ohun tó bí i nínú jù lójú ọ̀nà ni pé kò tilẹ̀ rí ọkùnrin náà kórìíra dáadáa. Ká ní ìkà ni, ìbá rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Gbohùngbohùn tún gun orí táyà.

"Ẹgbẹ́ ti borí!" ó ké, ó gbé ọwọ́ sókè. "Wọ́n ti yọ olùrànlọ́wọ́ kúrò! Ẹnikẹ́ni ò ní pè wá bẹ́ẹ̀ mọ́ láéláé! Láti òní lọ, Alátìlẹ́yìn Iṣẹ́ Ìjọba ni wá, wọ́n sì máa tẹ̀ ẹ́ sára káàdì tuntun tí a máa fi kọ́rùn!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, wọ́n pàtẹ́wọ́, àwọn kan tiẹ̀ ń dì mọ́ra wọn. Bàbá Onífáìlì ń sọ orúkọ tuntun náà lábẹ́ ẹnu bóyá ó máa bá òun mu. Kíákíá dúró títí ariwo fi rọlẹ̀.

"Ti pé wọ́n lè gbé wa lọ síbikíbi ńkọ́, Alága?"

"Ìyẹn... a ṣì ń bá wọn sọ ọ́."

"Ìgbà wo lẹ máa sọ ọ́ tán?"

"Ẹ ṣe sùúrù, Kíákíá. Ìgbésẹ̀ ńlá la gbé yìí."

"Orúkọ lẹ lọ gbà fún wa?" Ohùn rẹ̀ jáde, òun pàápàá ò mọ̀ pé ó ga tó bẹ́ẹ̀. "Ilé ń jó, ẹ lọ kun géètì? Kí ni mo fẹ́ fi alátìlẹ́yìn ṣe? Ṣé alátìlẹ́yìn ló máa fún ìyá mi lóúnjẹ?"

Gbohùngbohùn sọ̀ kalẹ̀ lórí táyà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n máa gbọ́ ọ tó sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́.

"Kí lẹ fẹ́ kí n fi jà? Ẹ fi pẹ́ńsù kọ ọ́, ẹ tún fi rọ́bà pa á rẹ́. Ohun tí mo fẹ́ gbé síwájú wọn gan-an, ẹnu ara yín lẹ fi fẹ́ ẹ dànù. Ẹ má bá mi jà, Àǹtí. Èmi náà ti rẹ̀ mí."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Kíákíá lára bí ẹ̀gún, torí pé òótọ́ ni, ó sì máa ń rántí rẹ̀ nígbàkígbà tó bá rí rọ́bà.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbé e. Ìlú kan ni, èèyàn á wọkọ̀ láàárọ̀ kùtù kó tó dé ibẹ̀ nírọ̀lẹ́. Tí kò bá sì lọ, kò níṣẹ́ mọ́ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ owó iṣẹ́ náà ni wọ́n fi ń ra oògùn Màmá. Ìyàwó àbúrò rẹ̀ gbà láti wá máa gbé pẹ̀lú Màmá. Kíákíá kọ́ ọ ní gbogbo rẹ̀: bí wọ́n ṣe ń to ìrọ̀rí, ṣíbí tí Màmá fẹ́ràn, ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n máa ń yí i sí. Ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kan ilẹ̀kùn.

"Tí wọ́n bá ní ta nìyẹn, sọ pé èmi ni, Màmá. Má fi nǹkan kan kún un, ìyàwó mi."

"Mo ti gbọ́, Ẹ̀gbọ́n."

Wọ́n jọ gbìyànjú rẹ̀. Nígbà tí Kíákíá dúró sẹ́yìn tó ń sọ̀rọ̀, Màmá gba ṣíbí díẹ̀ lọ́wọ́ ìyàwó náà. Wọ́n wo ara wọn, inú wọn dùn. Ìyẹn ló gbé ẹsẹ̀ Kíákíá wọkọ̀.

Ní ọ́fíìsì tuntun, wọ́n fún un ní káàdì ọrùn pẹ̀lú oyè náà lára rẹ̀, wọ́n sì fi í sídìí tábìlì kan lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí yóò ti máa sọ fún àwọn tó bá wọlé pé yàrá báyìí ni kí wọ́n lọ. Kò sẹ́ni tó béèrè ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe. Nígbà tí ọ̀sán pọ́n, ẹsẹ̀ rẹ̀ dìde fúnra rẹ̀. Ó dúró bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tábìlì, kò síbi tó máa lọ. Fóònù rẹ̀ dún.

"Ẹ̀gbọ́n," ìyàwó àbúrò rẹ̀ wí. "Mo kan ilẹ̀kùn. Wọ́n ní ta nìyẹn. Mo ní èmi ni, Màmá, bí ẹ ṣe ní kí n wí i gẹ́lẹ́."

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní, 'Rárá o. Ìwọ kọ́.'"

Kíákíá jókòó.

"Wọ́n ti kọjú sí ògiri, Ẹ̀gbọ́n. Wọn ò fẹnu kan nǹkan kan láti àárọ̀. Wọ́n ṣáà ń wí pé ẹni tó máa ń wá dà."

Ìwọ kọ́. Gbogbo ìgbìmọ̀, gbogbo ẹgbẹ́, gbogbo fáìlì yẹn, kò sí èyí tó lè jẹ́rìí sí i pé òun ni. Ìyá tí kò mọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ló mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ẹlòmíì. Inú rẹ̀ dùn fún ìṣẹ́jú kan, ìdùnnú burúkú tó ń gún èèyàn láyà. Lẹ́yìn náà ó rántí pé ebi ń pa Màmá.

"Gbé fóònù sí wọn létí."

Ó gbọ́ ìró aṣọ ìbora, ó gbọ́ èémí. Ó fi ìka kan ojú tábìlì níwájú fóònù, kó, kó, kó, bó ṣe máa ń kan ilẹ̀kùn.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Màmá."

Aṣọ ìbora tún dún.

"Kí ló dé tí o pẹ́ tó báyìí? Wọlé, ilẹ̀kùn ò tì."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba oúnjẹ lọ́wọ́ ẹni tó wà lọ́dọ̀ yín yẹn."

"Mo ní wọlé. Ilẹ̀kùn ò tì."

Àwọn èèyàn ti tò síwájú tábìlì, wọ́n ń béèrè yàrá. Ó yọ káàdì náà lọ́rùn, ó fi í lé orí tábìlì, ó sì gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká. Kò sí ọkọ̀ tó máa kúrò nílùú yẹn mọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́, ó mọ̀.

"Mò ń bọ̀, Màmá," ó wí. "Ẹ má tì í o."